Ọdún Tí "Ẹ" Kúrò Lẹ́nu Bàbá Mi

Nínú ilé wa ní Borokiri, ọmọ tó bá pe àgbà ní "o" kò ní fọwọ́ kan oúnjẹ àárọ̀ títí yóò fi kúnlẹ̀ tún ìkíni rẹ̀ sọ. Òfin bàbá mi nìyẹn, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Port Harcourt ni wọ́n bí èmi àti Dàpọ̀ àbúrò mi sí, Pidgin ló sì kọ́kọ́ mọ́ wa lẹ́nu. Nínú Pidgin, "you" ni pásítọ̀, "you" náà ni ewúrẹ́ tó wọlé wá jẹ gaàrí. Bí a bá wá jí láàárọ̀, tí a ní ká kí Bàbá ní Yorùbá, "Bàbá, o káàárọ̀" ni yóò já bọ́ lẹ́nu wa. Wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì funfun wọn, wọ́n á fọwọ́ di etí kan, wọ́n á ní, "Ta ni 'o'? Èmi àti ìwọ la jọ ń fi yẹ̀pẹ̀ ṣeré ni?" Èmi á kúnlẹ̀, Dàpọ̀ á nà gbalaja, a ó sì tún un sọ pé, "Ẹ káàárọ̀, sà." Ìgbà náà ni ojú wọn yóò tó rọ̀, tí wọ́n á wá bi wá bóyá a sùn dáadáa.

Àárọ̀ ilé wa ní ìró tirẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Okrika á ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó láti etídò, èéfín ẹja tí Mama Ibinabo ń yan lẹ́yìnkùlé á sì ti gba ojú fèrèsé wọlé. Ọmọ Okrika ni Mama Ibinabo, yàrá wọn ló kọjú sí tiwa, Creek Road Market ni wọ́n sì ti ń ta ẹja wọn. Èmi ni mo ń gbálẹ̀, èmi ni mo ń pọn omi. Dàpọ̀, tí kò tíì ju ọmọ jẹ́léósinmi lọ, ló ń nu bàtà Bàbá àti irin ìgbànú wọn títí yóò fi máa dán, nítorí aṣọ́bodè ni wọ́n ní èbúté, wọn kì í sì í gbé bàtà eléruku lọ síbi iṣẹ́. Nírọ̀lẹ́, Màámi á gbé oúnjẹ wọn ka orí tábìlì kékeré ní pálọ̀, èmi ni mo sì máa ń kó àwo. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn ju gbogbo iṣẹ́ ilé lọ, nítorí kò sí ọjọ́ tí Bàbá jẹun tí wọn kì í ṣẹ́ ẹran kù sídìí àwo. Ó lè má ju orí ìka lọ, ó lè jẹ́ ìrù ẹja lásán, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n á ní, "Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé." Mo mọ òwe náà kí n tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí mo bá ti gbọ́ ọ, ẹran ń bẹ nínú àwo.

Ohun tó máa ń pa Màámi lẹ́rìn-ín ni pé ọmọ Oǹdó ni ẹni tó ń fi "ẹ" jẹ wá níyà yìí. Lẹ́nu àwọn ará Oǹdó, "ìwọ" ni ọmọ ń pe bàbá, "ìwọ" ni bàbá ń pe ọmọ, ẹnikẹ́ni kò sì rí àrífín nínú rẹ̀. Ibòmíràn ni ọ̀wọ̀ tiwọn wà. Ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ ni Màámi ti wá, níbi tí wọ́n ti lè fi ẹjọ́ rẹ sun gbogbo ẹbí bí o bá pe ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ kan jù ọ́ lọ ní "o". Nígbà tí Bàbá lọ tọrọ Màámi, ẹ̀gbọ́n Màámi ọkùnrin, tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Ọ̀yọ́, wí lójú gbogbo ẹbí pé òun kò ní fa àbúrò òun lé àwọn tó ń pe bàbá wọn ní ìwọ lọ́wọ́. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, wọn kò sì dìde. "Ẹ kú ilé sà, ẹ kú ìjókòó sà, ẹ kú atẹ́gùn sà, ẹ kú ojú ọ̀nà tí ẹ ń wò sà." Àwọn ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín, Bàbá Ọ̀yọ́ pàápàá kò lè le ojú mọ́. "'Ẹ' ni wọ́n fi fẹ́ mi," Màámi á wí fún wa, "kò sí nǹkan mìíràn lọ́wọ́ wọn nígbà náà." Bàbá náà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ẹni tó dàgbà kó tó kọ́ "ẹ" kì í fi í ṣeré.

Ọdún tí mo ń sọ yìí ni ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dọ́wọ́ àwọn ọlọ́lá àdúgbò wa. Ní Sátidé kan, Bàbá lọ ra gaàrí ní Isiokpo bí wọ́n ti máa ń ṣe, nítorí wọ́n ní gaàrí ibẹ̀ kì í ní iyanrìn. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, bọ́ọ̀sì tí wọ́n wọ̀ lọ kọlu ìdí ọkọ̀ akóyanrìn tó dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà Owerri. Iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, ni Bàbá jókòó sí. Iwájú orí wọn ló sì gbá irin. Nígbà tí Màámi mú wa lọ wò wọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ojú wọn wú, báńdéèjì yí orí wọn ká, ṣùgbọ́n ọwọ́ pé, ẹsẹ̀ pé. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Fọlá, gaàrí mi dà?" Gbogbo àwa tí a yí bẹ́ẹ̀dì ká bú sẹ́rìn-ín, Màámi fi ìborùn nu ojú. Wọ́n rán egbò náà, ó san, ó ku àpá gbọọrọ kan láti ìpéǹpéjú dé ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀. A ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Màámi jó títí gèlè fi tú. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé orí Bàbá ló kó wọn yọ, àwa náà sì ń ṣe àmín.

Àwo ló kọ́kọ́ sọ òtítọ́ fún mi. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tí wọ́n padà sílé, mo lọ kó o, ó mọ́ tónítóní, wọ́n ti lá ọbẹ̀ rẹ̀ tán. Mo rò pé ebi ilé ìwòsàn ni. Lọ́jọ́ kẹta ó tún mọ́, lọ́jọ́ kẹrin ó mọ́. Nígbà tó yá, Bàbá na ọwọ́ kọjá àwo tiwọn, wọ́n mú ẹran nínú àwo Dàpọ̀, wọ́n jù ú sẹ́nu. Dàpọ̀ wo ọwọ́ náà bó ti ń lọ, ó ń dúró kó padà. "Orí la fi ń mú ẹran láwo," ni Bàbá wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tó pa àwàdà tó dùn. Òwe náà ò burú, ibi tí wọ́n fi sí ni kò bójú mu. Màámi mú ẹran tiwọn, wọ́n fi sínú àwo Dàpọ̀. Láti ọjọ́ náà, ibi ìdáná ni àwa ọmọ ti ń jẹun, a sì ń jẹ ẹ́ kíákíá.

Lẹ́yìn àwo ni "ẹ". Ìyá Ìjọ wá kí Bàbá kú ewu, arúgbó tó dàgbà ju ìyá Bàbá fúnra wọn lọ, wọ́n gbé ọsàn dání. Bàbá wo Ìyá Ìjọ láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ìwọ ìyá yìí, o mà sanra o. Má jókòó sórí àga yẹn, wàá ṣẹ́ ẹ." Mo ń dúró kí ilẹ̀ lanu. Màámi ti wà lórí eékún kí Bàbá tó sọ̀rọ̀ tán. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Oǹdó ló ń jáde lẹ́nu wọn. Ará àìlera ni." Ìyá Ìjọ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn mọ àwọn ará Oǹdó dáadáa, ọ̀kan ló fẹ́ àbúrò àwọn. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe rí oògùn sí gbogbo ọ̀rọ̀. Oǹdó ni. Bí Bàbá bá pe alàgbà ní "ìwọ", Oǹdó ni. Bí wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín níbi òkú, Màámi á ní bí àwọn ará ilé wọn ṣe ń ṣọ̀fọ̀ nìyẹn. Àwọn ará Oǹdó jìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn kò ṣẹ̀ ní ilé wa lọ́dún náà. Nísinsìnyí tí mo bá rántí, ó máa ń dùn mí pé a ní àlàyé tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ká ní ẹ̀yà kan náà ni bàbá àti ìyá mi, bóyá ẹnì kan ì bá ti tètè bẹ̀rù.

Mama Ibinabo kò gbọ́ Yorùbá, nítorí náà àlàyé Oǹdó kò dé etí wọn. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n gbà gbọ́. Ní ọ̀sán gangan kan, Bàbá jáde, wọ́n kọjú sí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá ẹja Mama Ibinabo, wọ́n tọ̀ síbẹ̀, wọ́n ń kọrin, wọ́n sì kí Mama Ibinabo pé "Madam, good afternoon" lórí ìdúró náà. Bàbá mi, tí kì í bọ́ sí àárín ọgbà láìwọ ẹ̀wù! Mama Ibinabo kò pariwo. Wọ́n da omi sí ògiri náà, wọ́n wá bá Màámi nínú ilé.

"Mama Fola, abeg no vex. Your oga no be like this before."

"Na sickness. And na so their people dey talk," ni Màámi fèsì.

"No be how e dey talk I mean. I say the man wey commot for this house that Saturday, no be him come back."

Màámi ní kí Mama Ibinabo jọ̀ọ́ má sọ bẹ́ẹ̀ lójú àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ, ó sì wọ̀ mí lára, nítorí ohun tí èmi náà ń rò ni, n kò kàn ní ọ̀rọ̀ fún un.

Ní èbúté, nǹkan kò rí bákan náà mọ́. Bàbá sọ fún ọ̀gá wọn níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ pé ẹnu ọ̀gá ń rùn, kí wọ́n máa fọ eyín. Wọ́n ní kí Bàbá lọ sinmi nílé fúngbà díẹ̀, ìgbà díẹ̀ náà kò sì lópin. Síbẹ̀, láàárọ̀, Dàpọ̀ ṣì ń nu bàtà. Bàbá á wọ ọ̀kan, wọ́n á jókòó létí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ìkejì lọ́wọ́. Bí ẹnikẹ́ni kò bá wí pé "Bàbá, ẹ wọ ìkejì," ibẹ̀ ni oòrùn á ti bá wọn. Kì í ṣe pé ìbànújẹ́ mú wọn. Wọ́n kàn wà níbẹ̀ ni. Ọkùnrin tó ń sáré ju aago lọ tẹ́lẹ̀.

Mo ti fẹ́ dé ibi tí n kò fẹ́ dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan tí Màámi wà lẹ́nu ọbẹ̀, Bàbá ní àwọn fẹ́ lọ jẹ bọ̀ọ̀lì àti ẹja ní ìkóríta, Dàpọ̀ sì sáré tẹ̀lé wọn. Inú Màámi dùn, nítorí ó pẹ́ tí Bàbá ti dá ohunkóhun lábàá. Nígbà tí Bàbá máa padà, àwọn nìkan ni. Epo wà létè wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n na ẹsẹ̀.

"Dàpọ̀ dà?" ni Màámi bi wọ́n.

"Ó wà ní Okrika."

"Níbo?"

"Okrika. Ọkọ̀ ojú omi fẹ́ lọ, a wọ̀ ọ́. A débẹ̀, ó ń sunkún, ó ń pariwo sí mi létí. Ọkọ̀ mìíràn fẹ́ padà, mo wọ̀ ọ́." Wọ́n wo ìdáná. "Ṣé ọbẹ̀ yẹn ti jinná?"

Ohùn wọn kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀. Igbe tí Màámi ké mú gbogbo ọgbà jáde. Mama Ibinabo fi ẹja sílẹ̀ lórí iná, wọ́n di ọwọ́ Màámi mú, àwọn méjèèjì sáré lọ sí etídò láìwọ bàtà. Wọ́n fi èmi àti Bàbá sílẹ̀. Bàbá ní kí n bu oúnjẹ wá. Mo bù ú, nítorí pé ọmọ tí wọ́n tọ́ ni mí. Mo dúró, mo wo bí ẹnu wọn ṣe ń lọ tó ń bọ̀, mo sì kórìíra wọn. Mi ò mọ orúkọ mìíràn tí mo lè pe ohun tó wà láyà mi lọ́jọ́ náà. Omi ni mo ń rò, bó ṣe dúdú lábẹ́ afárá pákó, àti ẹsẹ̀ Dàpọ̀ tó kéré. Nírọ̀lẹ́ ni wọ́n tó mú un dé. Àwọn obìnrin tó ń ta ẹja létí omi ló mú un jókòó sábẹ́ agbòòrùn wọn, tí wọ́n fún un ní búrẹ́dì. Bàtà ẹsẹ̀ kan ti sọnù. Nígbà tó rí Bàbá, ó rìn yí ògiri ká kó lè dé ìdí mi láìkọjá níwájú wọn. Bàbá kò ṣàkíyèsí.

Dókítà tí ilé ìwòsàn darí wa sí jẹ́ ọmọge kan, ọmọ Igbo, ohùn rẹ̀ tutù. Màámi kó gbogbo wa lọ, nítorí láti ọjọ́ Okrika, wọn kò jẹ́ kí a kúrò lójú àwọn mọ́. Dókítà bi Bàbá ní ọjọ́, oṣù, orúkọ wa, iṣẹ́ wọn. Bàbá dáhùn gbogbo rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọ́n tún fi àwàdà kún un. Ojú ti ń ti Màámi, bí ẹni tó mú ẹni tí ara rẹ̀ le wá sọ́dọ̀ dókítà. Lẹ́yìn náà ni dókítà bi wọ́n pé, "Oga, if person carry small pikin go waterside, wetin e suppose do?"

"Hold him hand," ni Bàbá wí. "No leave am at all. Water no get friend. Then carry am come back to him mama."

"So why you leave your own?"

Bàbá rò ó díẹ̀. "Boat wan go," ni wọ́n wí.

Dókítà fi bírò sílẹ̀. Ó fi ìka kan iwájú orí ara rẹ̀, ó kọjú sí Màámi. "Madam, you hear am? E know. The sense wey e take know never spoil. But when you and me wan talk bad thing, or wan do anyhow, something for this front go hold us first. Na that one wound for your husband. So e go know, and e no go fit hold."

"E go heal?"

"Small. I no go lie for you. Who you marry before, I no fit promise you."

Màámi kò sunkún níbẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, wọ́n tú ọ̀rọ̀ náà sí Yorùbá fún èmi àti Dàpọ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí Bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé má bàa gbọ́. "Ìjánu ló já," ni wọ́n wí. "Ẹṣin ṣì mọ ọ̀nà. Ìjánu ló já." Mo ti dàgbà, mo ti ka ohun púpọ̀ nípa ọpọlọ, n kò sì tíì rí àlàyé tó ju ìyẹn lọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ìkóra-ẹni-níjàánu ni àwọn àgbà fi ń mọ ọmọlúàbí. Wọ́n ní ìwà ni, wọ́n ní ẹ̀kọ́ ilé ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ẹran ara ni, bí ẹ̀dọ̀, bí kíndìnrín, pé ó rọ̀, pé ó ní ibì kan pàtó tó ń gbé lẹ́yìn eegun iwájú orí, àti pé irin bọ́ọ̀sì lè já a lọ́nà Owerri lọ́sàn-án Sátidé. Ta wá ni bàbá tó ń ṣẹ́ ẹran kù fún mi? Ṣé ọkàn rere wọn ló ń ṣẹ́ ẹ ni, àbí ẹran kékeré yẹn tó wà lẹ́yìn iwájú orí wọn? Mo ti ń bi ara mi láti ìgbà náà. Láti ọjọ́ yẹn, Màámi kò tún dárúkọ Oǹdó mọ́.

Ẹnì kan ti gbé ọ̀rọ̀ Okrika dé Ọ̀yọ́. A kàn gbọ́ ìkànkùn ní ọ̀sán kan ni, Bàbá Ọ̀yọ́ ló dúró síta, àpò èlùbọ́ léjìká, eruku ọ̀nà lójú. Bàbá ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Kí èmi àti Màámi tó sáré jáde láti ìdáná, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu Bàbá.

"Ìwọ!" ni Bàbá mi wí, tayọ̀tayọ̀. "Irun imú rẹ ti funfun tán. Kí lo gbé wá?"

Bàbá Ọ̀yọ́ sọ àpò náà kalẹ̀. "Ìwọ? Èmi?" Wọ́n wo Màámi. "Ṣé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí? Di ẹrù rẹ. Di ti àwọn ọmọ. Ẹni tó gbé ọmọ jù sí etí omi, tó tún ń pè mí ní ìwọ lẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ náà! Mo ní ẹ jẹ́ ká wo àwọn èèyàn yìí dáadáa."

"Bọ̀ọ̀dá, ara wọn kò yá. Orí ni wọ́n fi gbá."

"Ara ta ni kò yá? Ó dá mi mọ̀ àbí kò dá mi mọ̀? Ó lè ka orúkọ gbogbo ẹbí wa fún ọ nísinsìnyí. Ó mọ ohun tó ń ṣe."

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Títí di ìgbà náà, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ojú wa rí, kò sẹ́ni tó sọ pé a máa fi ilé náà sílẹ̀. Kí a kó kúrò, kí Bàbá dá wà, ta ni yóò máa sọ fún wọn pé kí wọ́n wọ bàtà kejì? Mo kórìíra wọn lọ́jọ́ Okrika, ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni mo fẹ́. Màámi ní kí Bàbá Ọ̀yọ́ jọ̀ọ́ jókòó. Wọ́n fún wọn lómi. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó ti Bàbá, wọ́n sì ṣe bí dókítà ti ṣe.

"Bàbá Fọlá, ta ni a máa ń pè ní 'ẹ'?"

Ojú Bàbá mọ́lẹ̀. Ohùn wọn àtijọ́ jáde, ohùn ẹnu ọ̀nà yàrá. "Gbogbo ẹni tó bá jù ọ́ lọ. Bó fi ọjọ́ kan jù ọ́ lọ, 'ẹ' ni. Òbí rẹ, olùkọ́ rẹ, àlejò tí o kò mọ̀ rí, 'ẹ' ni. Ọmọ tí kò mọ 'ẹ' kò mọ nǹkan kan."

"Ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín ńkọ́?"

"Háà! Ìyẹn kò ṣeé fi ṣeré. Bí wọ́n bá tiẹ̀ kéré sí mi, 'ẹ' ni, nítorí wọ́n fún mi níyàwó. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn ní Ọ̀yọ́ títí àyà fi dùn mí." Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ìrántí náà, ẹ̀rín gidi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí ọrùn, wọ́n wo Bàbá Ọ̀yọ́. "Ìwọ, sún kúrò níbẹ̀. O ń dí tẹlifíṣọ̀n."

Bàbá Ọ̀yọ́ sún. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n gbé e lé orúnkún, wọ́n ń wo àpá tó wà níwájú orí Bàbá mi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ìbínú ti kúrò lóhùn wọn, èyí tó wà níbẹ̀ sì burú ju ìbínú lọ.

"Ká ní àrífín ni," ni wọ́n wí, "ǹ bá bá a jà, ká parí ẹ̀. Èyí kò ṣeé bá jà. Àwọn ọmọ kò lè gbé níbí, Àṣàkẹ́. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Ìwọ náà ńkọ́?"

Màámi ń ká etí ìró wọn mọ́ ìka. "Kí àwọn ọmọ máa bá yín lọ. 'Ẹ' ni wọ́n fi fẹ́ mi, Bọ̀ọ̀dá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe 'ẹ' ni èmi fẹ́."

Mo sunkún. Mo di ẹsẹ̀ tábìlì mú. Mo ní n ó máa ṣọ́ Dàpọ̀, mo ní n ó máa sọ fún Bàbá nípa bàtà láràárọ̀. Màámi ní àwọn mọ̀ pé n ó ṣe é, ìdí nìyẹn tí n kò fi gbọdọ̀ dúró.

Ọ̀yọ́ ni a dàgbà sí, tí a sì ń wá sí Port Harcourt fún ìsinmi, àlejò nínú ilé wa. Màámi gbé pẹ̀lú Bàbá títí Bàbá fi kú, lójú oorun, pẹ̀lú irun tó ti funfun. Màámi di òpó tí Bàbá fẹ̀yìn tì. Wọ́n sọ ọ́ di àṣà láti máa wí ohun gbogbo lẹ́sẹẹsẹ: ẹ dìde, ẹ wẹ̀, ẹ wọ ìkejì. Ẹnu dídùn Ọ̀yọ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, pẹ̀lú "ẹ", lójoojúmọ́ ayé wọn, fún ẹni tí kò fi í dá wọn lóhùn. Nígbà kan tí mo wá kí wọn, oúnjẹ tán, mo dìde láti kó àwo. Màámi ní kí n jókòó. "Wọ́n ń gbé e fúnra wọn," ni wọ́n wí. Bàbá sì gbé àwo wọn tó mọ́ tónítóní, wọ́n rìn lọ sí ìdáná. Mo wo ẹ̀yìn wọn, mo sì rántí igbá inú òwe.

Àárọ̀ ọjọ́ tí a lọ kò tíì kúrò lójú mi. Màámi mú Bàbá wá sí gáráàjì, nítorí wọn kò lè fi wọ́n sílẹ̀ nílé. Èmi, Dàpọ̀ àti Bàbá Ọ̀yọ́ jókòó sí àárín ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bàbá dúró ti obìnrin elépà kan, wọ́n ń bù nínú àtẹ rẹ̀, obìnrin náà ń wí pé, "Oga, na wetin? Oga!" Màámi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fa ọwọ́ Bàbá wá sábẹ́ fèrèsé wa. "Àwọn ọmọ ń lọ," ni wọ́n wí fún wọn. "Ẹ kí wọn."

Bàbá wo òkè. Ojú wọn kan Dàpọ̀, ó kan èmi, ó kan Bàbá Ọ̀yọ́. Èèpo ẹ̀pà wà létè wọn.

"Ẹ rìn re o," ni wọ́n wí. "Ẹ má jókòó síwájú."

Bàbá Ọ̀yọ́ na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, wọ́n di èjìká Màámi mú. Omi ti dé ojú wọn. "Àṣàkẹ́, ṣé o gbọ́? Ó pè mí ní 'ẹ'. Ó ń yá. Mo ní ó pè mí ní 'ẹ'!"

Màámi wo ẹ̀gbọ́n wọn. "Bọ̀ọ̀dá," ni wọ́n wí, "ẹ̀yin mẹ́ta lẹ wà nínú ọkọ̀."

Ọkọ̀ gbéra. Bàbá ti padà sídìí ẹ̀pà. Èmi mú ìpín tèmi nínú "ẹ" náà, bí mo ti máa ń mú ẹran ìdí àwo, mo sì dì í mọ́wọ́ títí a fi dé Ọ̀yọ́.